Ilé Rírà ní Etí Omi Àbíjàn

Ọkọ̀ tí ó ń kó èrò láti Èjìgbò lọ sí Àbíjàn a máa gba Kútọnu àti Lómè kọjá, a la ilẹ̀ Gánà já láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn, a sì wọ ilẹ̀ Côte d'Ivoire ní ẹnu ibodè Noé. Láti ibẹ̀ ni yóò ti gba Aboisso àti Bonoua dé Grand-Bassam, kí ó tó wọ Àbíjàn fúnra rẹ̀. Ní apá ìkẹyìn ìrìn-àjò yìí ni èrò ọkọ̀ a máa rí pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n fi èdè Faransé kọ ọ́ sí i pé ilẹ̀ wà fún títà, ilé wà fún títà, etí òkun ni, etí ọ̀sà ni. Bí ilẹ̀ náà bá sún mọ́ omi tímọ́tímọ́, wọn a ní ó jẹ́ ilẹ̀ "ẹsẹ̀ nínú omi". Gbólóhùn náà dùn ún gbọ́, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀. Òun gan-an ni ìdí rẹ̀ tí ó fi yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ rà á fara balẹ̀ wò ó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ọmọ Èjìgbò àti ti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀ ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì ní ọjà Èjìgbò títí di òní. Ní Treichville, ní Adjamé àti ní Koumassi ni púpọ̀ nínú wọn ti tẹ̀dó. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbá ọjà lórí, tí ó wá di onísọ́ọ̀bù lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, kò lè ṣàì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun yóò fi owó tí òun ti kó jọ ṣe. Lóòótọ́, ilé ni àbọ̀ sinmi oko, ilé tí a kọ́ sí Èjìgbò sì ní iyì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá méjì tí a fi háyà ní Àbíjàn lè mú owó wọlé ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó dá wà ní Èjìgbò, tí ẹnikẹ́ni kò gbé inú rẹ̀ àfi nígbà ọdún. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ronú àtira ilé tàbí ilẹ̀ ní Àbíjàn kò ya wèrè. Ohun tí ó kù ni kí ó mọ ohun tí òun ń rà.

Adúgbò tí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu àwọn alágbàtà ni Riviera, ní ìhà ìlà-oòrùn Cocody. Orúkọ náà kì í ṣe ti ilẹ̀ Áfíríkà. Èdè Ítálì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju etí omi lọ. Etí òkun Mẹditaréníà, láti agbègbè Genoa ní Ítálì títí dé Nice àti Cannes ní ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n kọ́kọ́ pè bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Rọ́ṣíà a máa sá fún òtútù wá síbẹ̀, wọn a kọ́ ilé ńláńlá tí wọn kò ní gbé inú rẹ̀ ju oṣù díẹ̀ lọ lọ́dún. Ilẹ̀ tí apẹja ń sá àwọ̀n sí di ohun tí a ń fi owó gọbọi rà, kì í ṣe nítorí ohun tí ó lè hù lórí rẹ̀, bí kò ṣe nítorí omi tí a lè rí láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àṣà náà tàn dé etí òkun Spain, kò sì mọ sọ́dọ̀ ọlọ́rọ̀ nìkan mọ́. Òṣìṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilé síbẹ̀, kí ó lè máa gbé inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì máa gba owó lọ́wọ́ àlejò ní ìyókù ọdún.

Ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí kòkó àti kọfí ń mú owó wọlé fún Côte d'Ivoire, Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny fẹ́ kí Àbíjàn ní irú etí omi bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò kan láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì, Moshe Mayer, ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Òun ni ó kọ́ Hôtel Ivoire sí Cocody, hòtẹ́ẹ̀lì tí ó ní gbọ̀ngàn omi dídì tí àwọn ènìyàn ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí rẹ̀, ní ìlú tí ooru kì í tán láti January títí dé December. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ya àwòrán ìlú tuntun kan sí etí ọ̀sà Ébrié. Thomas Leitersdorf, ayàwòrán-ilé, wà nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì sọ ìlú ọ̀hún ní Riviera ti Áfíríkà. Hòtẹ́ẹ̀lì, pápá gọ́ọ̀fù, ilé fún àwọn àlejò láti Yúróòpù, gbogbo rẹ̀ ni ó wà lórí ìwé. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó dìde bí wọ́n ti yà á. Pápá gọ́ọ̀fù dìde, Hôtel du Golf náà dìde. Nígbà tí owó kòkó wó ní àwọn ọdún 1980, àlá àwọn àlejò Yúróòpù rọlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn oníṣòwò ìlú Àbíjàn fúnra wọn sì ni ó kún ibẹ̀.

Àwọn wọ̀nyí ni ó sọ Riviera di ibi tí ilé ti ń mú owó wọlé lónìí. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Plateau, ọmọ wọn ń lọ sí ilé-ìwé ní Cocody, wọ́n sì nílò ilé láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Láti Riviera 2 àti 3 ni ìlú ti tẹ̀ síwájú dé Bonoumin, dé Palmeraie, dé Faya. Ní December 2014 ni wọ́n ṣí afárá Henri Konan Bédié, tí ó so Riviera mọ́ Marcory lórí ọ̀sà, tí ọlọ́kọ̀ sì ń san owó kí ó tó gbà á kọjá. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tí ó ń ti Riviera lọ sí pápákọ̀ òfuurufú ní Port-Bouët ní láti kọ́kọ́ yípo lọ sí Plateau kí ó tó gun ọ̀kan nínú afárá àtijọ́ méjèèjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilé tí yóò máa mú owó wọlé, kí ó wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀: ọ̀nà, afárá, ilé-ìwé, ibi iṣẹ́. Àlejò tí ó ń wá wo òkun a máa lọ sílé. Òṣìṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ wà ní ilé-ìwé nítòsí kì í tètè kó jáde.

Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí ó ra ilẹ̀ ní Riviera rà? Kí ìlú tó dé ibẹ̀, ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn Ébrié, tí abúlé wọn bíi Anono, M'Pouto, M'Badon àti Akouédo ṣì wà láàárín àwọn ilé tuntun náà. Bí ọmọ onílẹ̀ ti wà ní Èkó àti ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti jẹ́ pé ìwé tí olórí abúlé fọwọ́ sí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ra ilẹ̀. Àwọn Ébrié sì ní àṣà kan tí ó yẹ kí àjèjì mọ̀: ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí ni ó ń ṣe àkóso abúlé, àkóso náà sì ń ti ọwọ́ ẹgbẹ́ kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé lónìí lè máà sí ní ipò lọ́la, ìdílé tí ó ni ilẹ̀ náà sì lè wí pé àwọn kò fún un láṣẹ. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ ń gbé ìwé abúlé lọ sí ilé ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n lè lu òǹtẹ̀ sí i, wọn a sì padà sílé pẹ̀lú ìdùnnú pé ìjọba ti mọ̀ sí i. Ohun tí òǹtẹ̀ yẹn ń jẹ́rìí sí kò ju pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni ó fọwọ́ síwèé. Kò sọ pé òun ni ó ni ilẹ̀.

Ìjọba Côte d'Ivoire kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti April 1964 ni òfin ti wà pé ìwé tí oníṣòwò méjì bá kọ láàárín ara wọn kò tó láti fi ta ilẹ̀ tàbí ilé. Ọ̀dọ̀ amòfin tí ìjọba fún ní òǹtẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní notaire, ni a gbọ́dọ̀ ti ṣe é. Ní July 2013 ni òfin tuntun kó àwọn ìwé oríṣiríṣi tí ó wà tẹ́lẹ̀ jọ, ó sì fi ẹyọ kan dípò wọn: ìwé àṣẹ tí ó fi ilẹ̀ ìlú fún ènìyàn pátápátá, tí gbogbo Àbíjàn mọ̀ sí ACD. Láti ilé-iṣẹ́ mínísítà tí ó ń bójú tó ilé kíkọ́ àti ètò ìlú ni ó ti ń jáde, a sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá ilẹ̀ tí ìjọba ń tọ́jú. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n sì tún ṣe ìwé kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní ADU, dípò oríṣiríṣi ìwé tí àwọn abúlé ń fúnni. Ìwé abúlé jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà. ACD ni òpin rẹ̀. Láàárín méjèèjì ni owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwọn aláṣẹ ìlú rán katakata lọ sí Gesco ní Yopougon àti sí Boribana ní Attécoubé, wọ́n sì wó ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ìdí tí ìjọba sọ ni pé ibẹ̀ léwu nítorí àgbàrá òjò, àti pé wọ́n nílò ilẹ̀ náà fún iṣẹ́ ìlú. Ó wà nínú àwọn tí ilé wọn wó tí ó ń na ìwé sókè, tí ó ń wí pé òun rà á ni. Àwọn adúgbò wọ̀nyí kì í ṣe ti àwọn ọlọ́rọ̀, wọ́n sì jìnnà sí Riviera, ṣùgbọ́n katakata kì í béèrè irú adúgbò tí ó dé.

Bí ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ bá kúrò ní Àbíjàn, tí ó kọjú sí Grand-Bassam àti Assinie, ọ̀rọ̀ náà tún yí padà. Assinie ni ó dà bí Cannes ti Côte d'Ivoire. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Club Med ti la ibùdó ìgbafẹ́ ní àwọn ọdún 1970, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ya sinimá Faransé tí a ń pè ní Les Bronzés, tí ó jáde ní ọdún 1978, tí ó sì sọ orúkọ rẹ̀ di mímọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Faransé. Ọ̀sà wà ní ìhà kan, òkun wà ní ìhà kejì, iyanrìn ati igi àgbọn sì wà láàárín wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí òpópónà ńlá Àbíjàn sí Grand-Bassam ní ọdún 2015 ni ọ̀nà náà ti rọrùn sí i fún àwọn tí ń lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí àwọn alágbàtà kì í sábà sọ ni pé òfin pín ilẹ̀ sí méjì. Ilẹ̀ tí ìjọba ti wọ̀n, tí ó sì ti pín sí pulọ́ọ̀tì nínú ìlú, àjèjì lè rà á, kí ó sì gba ACD lórúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó ṣì jẹ́ ilẹ̀ ìgbèríko wà lábẹ́ òfin December 1998. Ní ayé Houphouët-Boigny, ohun tí ààrẹ ń wí ni pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó bá ń ro ó, ọ̀rọ̀ yìí ni ó sì fa àwọn àjèjì tí kò níye wọ inú igbó kòkó. Òfin 1998 yí i padà: ìjọba, àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba, àti ọmọ bíbí Côte d'Ivoire nìkan ni ó lè jẹ́ olówó ilẹ̀ ìgbèríko. Àjèjì lè yá a fún ọdún pípẹ́, kò lè ní in. Wọ́n tún un ṣe díẹ̀ ní ọdún 2004, kí àwọn àjèjì tí ó ti ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ kí òfin tó dé lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ wọn. Ẹni tí ó bá rà á lónìí kò sí nínú wọn. Nítorí náà, ilẹ̀ etí òkun tí ó pọ̀ ní ẹ̀yìn ìlú, tí igi àgbọn kún inú rẹ̀, tí a sì ń tà ní pọ́ọ́kú, a lè máa tà á fún ọmọ Nàìjíríà nígbà tí òfin kò fún un láyè láti ní in rárá.

Etí omi gan-an wá ni ó le jù. Láti ayé ìjọba Faransé ni òfin ti wà pé etí òkun, láti ibi tí omi ń dé nígbà tí ó bá kún jù lọ, pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún mítà sí inú ilẹ̀, jẹ́ ohun-ìní gbogbogbò. Ti etí ọ̀sà àti odò jẹ́ mítà 25. Ìjọba lè yọ̀ǹda fún ènìyàn láti lo ibẹ̀ fún ìgbà kan, ó sì lè gba ìyọ̀ǹda náà padà. Bí ènìyàn bá rántí àwọn pátákó "ẹsẹ̀ nínú omi", yóò rí i pé ibi tí owó rẹ̀ ga jù ni ibi tí ẹ̀tọ́ ẹni kéré jù. Kì í ṣe àrà ọ̀tọ̀ ti Áfíríkà nìyí. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin January 1986 kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni kọ́ ilé tuntun sí ọgọ́rùn-ún mítà àkọ́kọ́ láti etí òkun, àfi ní ibi tí ó ti di ìlú tẹ́lẹ̀. Ní Spain, òfin ọdún 1988 sọ etí òkun di ti gbogbo ènìyàn, àwọn tí ó ti fi owó wọn ra ilé síbẹ̀ sì jí ní ọjọ́ kan, wọ́n rí i pé ìyọ̀ǹda ọlọ́dún díẹ̀ ni àwọn ní, kì í ṣe ilé. Ní January 2008, ní Vera ní ìhà gúúsù Spain, ìjọba wó ilé tọkọtaya Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, nítorí pé ìwé àṣẹ tí ìjọba ìbílẹ̀ fún wọn kò bófin mu. Wọ́n ní ìwé o. Ẹni tí ó fún wọn ní ìwé ni kò láṣẹ.

Òkun fúnra rẹ̀ kò sì ka òfin. Ní ọdún 1950 ni wọ́n gbẹ́ ipa omi Vridi, kí ọkọ̀ ojú-omi ńlá lè wọ inú ọ̀sà dé èbúté Àbíjàn. Iṣẹ́ náà ni ó sọ Àbíjàn di ìlú ńlá, ṣùgbọ́n ó da ìrìn iyanrìn etí òkun rú. Òkun ń jẹ ilẹ̀ Port-Bouët, ẹnu odò Comoé ní Grand-Bassam sì dí. Ní ìwọ̀-oòrùn, ní Grand-Lahou àtijọ́, òkun ti gbé ilé lọ, ó ti gbé ibojì lọ, títí àwọn ará ìlú fi ní láti kó lọ sí ibòmíràn. Kò sí àtúnṣe ìwé tí ó lè dá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ padà.

Ti owó kò gba àlàyé púpọ̀. Láti ọdún 1999 ni fáránkì CFA ti so mọ́ owó Yúróòpù, 655.957 sí ẹyọ kan, èyí sì jẹ́ ìtùnú fún ẹni tí ó ti rí bí náírà ti ń ṣubú. Síbẹ̀, àwọn àgbà kò gbàgbé January 1994, nígbà tí fáránkì yìí pàdánù ìdajì agbára rẹ̀ sí ti Faransé ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àlejò pẹ̀lú kì í ṣe ohun tí a lè fi gbogbo ọkàn gbẹ́kẹ̀ lé. Lẹ́yìn ìbò ọdún 2010, inú Hôtel du Golf ní Riviera ni Alassane Ouattara àti àwọn ènìyàn rẹ̀ há sí, tí ọmọ-ogun yí wọn ká títí di April 2011. Ní March 13, 2016, àwọn oníbọn ya wọ etí òkun Grand-Bassam, wọ́n pa ènìyàn 19. Ó pẹ́ kí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ tó tún rí àlejò.

Àwọn Yorùbá tí ó wà ní òkè òkun ní ìdí mìíràn láti ronú. Ní October 1958, ìjà bẹ́ ní Àbíjàn, wọ́n sì lé àwọn ará Dàhómì àti Tógò jáde, ọjà àti ilé wọn sì ṣòfò. Ní November 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní ìlú. Àwọn Yorùbá tí ó ti lo ogójì ọdún ní Kumasi àti Tamale ta ilé wọn ní iyekíye, tàbí kí wọ́n fi í sí ọwọ́ ọ̀rẹ́ tí wọ́n fọkàn tán. Ẹni tí ó ní ìwé tí ó yè kooro nínú wọn ṣì ní ohun kan tí ó lè gbé dé iwájú adájọ́. Ẹni tí kò ní ìwé gbára lé ìwà rere ẹlòmíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé lónìí fún ọ̀pọ̀ ìdílé ni orúkọ tí wọn yóò kọ sí ìwé. Àwọn kan a máa rò pé àwọn yóò kọ orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí Treichville, nítorí pé ọmọ ilẹ̀ náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní dandan: láti ọdún 1961 ni òfin Côte d'Ivoire ti sọ pé ọmọ tí baba àti ìyá rẹ̀ jẹ́ àjèjì kì í di ọmọ onílùú nítorí pé wọ́n bí i síbẹ̀. Àwọn mìíràn a fi ọ̀rẹ́ tí ó jẹ́ ọmọ ìlú ṣe bojúbojú. Níwájú òfin, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ńlá ìjọba ni ó ni ilẹ̀. Bí ó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò jogún rẹ̀, kì í ṣe àwọn ọmọ ẹni tí ó san owó.

Ìwé ńlá yìí kò sì pa mọ́. Ọ́fíìsì ìjọba tí ń tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Conservation foncière, a máa fún ẹni tí ó bá béèrè ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní état foncier. Ó ń sọ orúkọ olówó ilẹ̀, ó sì ń sọ bí ó bá ti fi ilẹ̀ náà dúró fún gbèsè ní báńkì. Amòfin tí ó mọṣẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ gbà á, kí oníbàárà rẹ̀ tó fún alágbàtà ní fáránkì kan.